Àṣẹ Tí Ọba Ẹfọ̀n Fi Àánú Pa

Nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń jọba lórí ara wọn, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Igbó Ìpàdé, níbi tí oníkálukú ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òkété ń wa iṣu, Ọ̀bọ ń ká èso. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á kó ẹrù wọn wá sí pápá iwájú ààfin, wọ́n á sì ṣe pààrọ̀. Apẹ̀rẹ̀ èso méjì ni wọ́n fi ń gba apẹ̀rẹ̀ iṣu kan. Kò sẹ́ni tó fi í ṣòfin. Ibi tí ìdúnàádúrà wọn já sí nìyẹn.

Lọ́dún kan, òjò kò rọ̀. Ilẹ̀ le, iṣu sì wọ́n. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í gba apẹ̀rẹ̀ èso márùn-ún. Ni Ọ̀yà, opó ọlọ́mọ mẹ́ta, bá kúnlẹ̀ níwájú Ọba Ẹfọ̀n.

“Kábíyèsí, àwọn ọmọ mi kò jẹun láti àná. Òkété fẹ́ febi pa wá.”

Àánú ṣe ọba. Lójú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbà ju apẹ̀rẹ̀ èso méjì lọ yóò fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n yìn ín títí, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn alágbára tó kọ́kọ́ dé ọjà ló ń ra iṣu ju èyí tí wọ́n lè jẹ lọ. Kí Ọ̀yà tó dé, kò ní ku nǹkan kan. Nígbà tó yá, Òkété fúnra rẹ̀ kò wá mọ́. Ìkookò, olórí ẹ̀ṣọ́, ní Òkété kó iṣu pa mọ́ ni. Ó lọ tú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n olú nìkan ló bá níbẹ̀. Ó wọ́ Òkété wá síwájú ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀.

“Kábíyèsí,” ni Òkété wí, “ilẹ̀ ti le bí àpáta. Tí mo bá fi odindi ọjọ́ wa iṣu, tí mo sì gba apẹ̀rẹ̀ èso méjì, ebi la máa fi sùn nílé mi. Tí mo bá fi ọjọ́ yẹn wá olú, a máa yó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí tó máa bọ́ àwọn ọmọ mi ni mo yàn.”

Ọba wo Ọ̀yà lẹ́yìn èrò. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó gbé dání kò tilẹ̀ lókun láti sunkún mọ́. Ojú ti ọba. Ó ti sọ iṣu di pọ́ọ́kú fún opó yìí, iṣu náà ni kò sí.

“Mo gba àṣẹ mi padà,” ló wí.

Ìkookò dìde. “Kábíyèsí, tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ yín padà, wọn ò ní bẹ̀rù yín mọ́.”

“Jẹ́ kí wọ́n yó ná,” ni ọba dáhùn.

Ó ṣí àká ààfin, ó sì bu èso fún Ọ̀yà àti àwọn aláìní yòókù, kí wọ́n lè rí nǹkan gbé lọ sọ́jà. Lọ́jà àkọ́kọ́, apẹ̀rẹ̀ èso mẹ́fà ni Òkété gbà. Ìmàdò rí i pé èrè wà níbẹ̀, òun náà fi imú túlẹ̀, ó gbé iṣu tirẹ̀ dé. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kó tó di pé òjò padà, iye náà ti wálẹ̀ sí mẹ́ta láìsí àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ọba gbọ́ ohùn Ọ̀yà ní pápá, ó ń dún ketekete. Ó ń bá Ìmàdò dúnàádúrà, ó ní mẹ́ta ti pọ̀ jù.

“Kábíyèsí, ṣé kí n lọ là wọ́n?” ni Ìkookò béèrè.

“Jókòó.”

Láìpẹ́, Ọ̀yà gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu rù, ó kọjá níwájú ààfin, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń sáré tẹ̀ lé e.