Abọ́ Tí Àbíkẹ́ Gbé fún Sàníù

Wọ́n ní ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹ̀ṣọ́ náà a máa fún ènìyàn lọ́rùn nígbà mìíràn, bí ó ti fún Àbíkẹ́ lọ́rùn ní Erunmu, lẹ́yìn tí ogun Ìjàyè ti parí, tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn ti padà sí oko wọn.

Àbíkẹ́ ará Moniya, obìnrin tí ń hun kíjìpá, ló ru ìdì aṣọ wá sí Erunmu láti fi ra àbúrò rẹ̀ padà lóko ẹrú. Gbogbo aṣọ inú ìdì náà, òun nìkan ló ran òwú rẹ̀, òun ló pa á láró, òun ló jókòó ti òfì títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Fákọ́ládé ni orúkọ àbúrò náà, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n tà á sí etí òkun, tí ọkọ̀ òyìnbó gbé e dé Kúbà, níbi tí oko ìrèké ti lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó sìn níbẹ̀ títí ewú fi yọ lórí rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ àṣekún títí ó fi ra ara rẹ̀, ó wọkọ̀ padà dé Èkó, ó sì forí lé Moniya lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé kù dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tún mú un lójú ọ̀nà Ẹ̀gbá. Ẹni tí ó ra ara rẹ̀ lókè òkun tún wá di ẹrú nítòsí ilé. Bí ìyẹn kò bá korò, a jẹ́ pé n kò mọ ohun tí à ń pè ní ewúro.

Ọwọ́ Sàníù ló bọ́ sí, ológun kan tí ó ní oko àti agbo ilé sí Erunmu. Ènìyàn tútù ni Sàníù. Kì í pariwo, kì í fi ìrun ṣeré, ìgbà tí ó bá sì rọra ń sọ̀rọ̀ ni àyà àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń já jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí Àbíkẹ́ pé bí ó bá lè mú kíjìpá tí ó tó agbo ilé òun wọ̀ wá, kí ó máa mú àbúrò rẹ̀ lọ. Kò ṣòro fún un láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí Fákọ́ládé kò wúlò fún un. Bí wọ́n bá ní kó kọ ebè, ikọ́ ni yóò máa wú. Bí wọ́n bá ní kó ru iṣu, yóò ṣubú lójú ọ̀nà. "Ẹrú tí ń jẹ iṣu ju èyí tí ó ń gbìn lọ," bẹ́ẹ̀ ni Sàníù máa ń pè é.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àbíkẹ́ wọlé, ní ọjọ́ lásán tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ó kúnlẹ̀ kí Sàníù níbi tí ó ti ń ṣe àlùwàlá.

"Káàbọ̀, ará Moniya," ni Sàníù wí. "Ọ̀rọ̀ wa di àárọ̀ ọ̀la. Lọ sinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ."

Ahéré kékeré kan lẹ́yìn agbo ilé ni Fákọ́ládé ń gbé. Àbíkẹ́ kò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí ó pè é ní "Ẹ̀gbọ́n mi" ni ó tó dá ohùn náà mọ̀, ó sì dì mọ́ ọn, ó sunkún, òun náà sunkún. Nígbà tí wọ́n sunkún tẹ́rùn, Fákọ́ládé nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn. Màá se nǹkan tí ẹ ò jẹ rí fún yín. Kò ní pẹ́ rárá."

Ó yọ akèǹgbè kékeré kan lábẹ́ ẹní rẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà ló wà níbẹ̀, tí ó gbà lọ́wọ́ Gàmbàrí oníkáún kan, tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ ni ó ti ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ó gbé omi kaná. Ó da ìyẹ̀fun sínú àwo, ó wọ́n omi káún sí i, ó pò ó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwá sẹ́yìn títí ó fi dán. Ó fi epo pa á lára, ó dì í mú ní ìkángun méjèèjì, ó nà án, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún nà án. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí gbogbo rẹ̀ fi di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ran. Àbíkẹ́ tí ó ti ń ran òwú láti kékeré la ẹnu sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ará Ṣáínà kan tí a jọ ń se omi ìrèké ni," ni Fákọ́ládé dáhùn, ó ti ń rún àáyù àti atalẹ̀. "Wọ́n fọkọ̀ kó àwọn náà wá ni. Wọ́n ní ọ̀yà ni wọ́n wá gbà, ṣùgbọ́n pàṣán kan náà ló ń na gbogbo wa. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó ti rẹ̀ wá tí a ò lè sọ̀rọ̀, ohun tí ó máa ń sè kíákíá nìyí. Ó ní ata ló ń jẹ́ kí òun rántí pé òun ò tíì kú."

Epo ti gbóná nínú ìṣasùn. Ó da àáyù àti atalẹ̀ sí i, ó da ata wẹ́wẹ́ gbígbẹ sí i, ó fi irú àti iyọ̀ kún un. Ata náà gbá wọn nímú, àwọn méjèèjì sín, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ju fọ́nrán sínú omi híhó, kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n má baà rọ̀ jù, ó kó wọn jáde, ó yí wọn mọ́ ata, ó sì wọ́n yánmọtí yíyan lé e. Àbíkẹ́ mú fọ́nrán kan, ó tọ́ ọ wò. Ó ta á lẹ́nu, ó dùn dé ìdí ọ̀fun, omi jáde lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó tún ìyá rẹ̀ rí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé ti sọ̀rọ̀ sókè nínú rẹ̀.

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá tó ni ilé yìí. A dáná nínú agbo ilé wọn, a ò ní bu fún wọn?"

Fákọ́ládé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan ṣe. Ikọ́ tí mo ń wú pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ikọ́. Ẹrú tí kò wúlò ni wọ́n ń tú sílẹ̀."

"O ti pẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó jù," ni Àbíkẹ́ wí. "Òórùn rẹ̀ ti kún gbogbo ilé. Bí wọ́n bá bèèrè lọ́la, kí la fẹ́ wí?"

"Ẹ ní iṣu la sè."

"Ṣé báyìí ni iṣu ń rùn? Fákọ́ládé, mo wá bẹ̀bẹ̀ ni, n kò wá fi ojú di ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

Ta ni yóò bá a wí? Èmi kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tọ́ gbogbo wa. Fákọ́ládé wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó sì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àbíkẹ́ bu oúnjẹ náà sínú abọ́ tí ó dára jù, ó bù ú kún, nítorí a kì í bu oúnjẹ díẹ̀ fún àgbà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ yọjú wo èyí tí ó kù nínú ìkòkò, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó."

Sàníù ti kírun tán nígbà tí ó gbé abọ́ náà dé iwájú rẹ̀. Ó wò ó. "Kí lèyí? Ekòló?"

"Rárá o, Bàbá. Àlìkámà ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Sàníù pe Bìsìmílàhì, ó bù ú sẹ́nu. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń fọn imú, ó sì ń jẹ, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ abọ́. "Ta ló sè é?"

Obìnrin yìí ìbá ti wí pé òun ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àbúrò ti gbà á lọ́kàn, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Fákọ́ládé ni, Bàbá. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ̀."

"Mo ti mọ̀ báyìí," ni Sàníù wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àbíkẹ́ tú ìdì aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Sàníù. Sàníù fọwọ́ pa á wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yìn ín dáadáa, ó sì ní kí ó dì í padà.

"Aṣọ rẹ dára. Máa gbé e lọ, n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Àbíkẹ́ rò pé ọ̀fẹ́ ni ó fi àbúrò òun sílẹ̀. Ó wólẹ̀, ó ń yí gbiiri nílẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un àti àwọn ọmọ rẹ̀. Sàníù jẹ́ kí ó ṣe àdúrà náà tán, ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

"Dìde. Fákọ́ládé kò lọ mọ́. Ọ̀gá tí mo ń sìn ní Ìbàdàn ti dàgbà, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Òun ni n óò mú un lọ fún. Ẹni tí ó ní ohun tí kò sí lọ́jà, ta ló ń gba aṣọ dípò rẹ̀?"

Fákọ́ládé tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sáré dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, èèṣì ni ti àná. N kò mọ̀ ọ́n sè."

"Ó dáa. Wá sè é lójú mi."

Hàjàrá, ìyálé ilé Sàníù, gbé ìyẹ̀fun àlìkámà tirẹ̀ jáde. Fákọ́ládé da káún púpọ̀ jù sí i, ó jẹ́ kí fọ́nrán já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó jẹ́ kí ata jóná, ó sì wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe é. Sàníù tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó na abọ́ náà sí Àbíkẹ́.

"Tọ́ ọ wò. Ṣé bó ṣe rí lánàá nìyí?"

Ó korò bí òróòro. Àbíkẹ́ gbé e mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí."

Sàníù mi orí, kò bínú rárá. "Àbíkẹ́, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sè, yóò gbìyànjú kí ó dùn ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n délẹ̀ nìkan ló lè bà á jẹ́ tó báyìí. N kò ní nà án. Kò tún ní fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ìwọ ni kí Ọlọ́run san án fún, nítorí bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ọ, n kì bá tí mọ ohun tí mo ní." Ó sì ní kí Hàjàrá fún un ní iṣu tí yóò jẹ lójú ọ̀nà.

Fákọ́ládé sìn ín dé ẹnubodè agbo ilé, ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú idà. Ìbínú ara rẹ̀ ń jó Àbíkẹ́ nínú ju ata lọ. Bí ó bá lè gé ọwọ́ tí ó fi gbé abọ́ náà, ìbá gé e níbẹ̀.

"Èmi ni mo tà ọ́," ni ó wí. "Àwọn tí ó tà ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́ rí. Èmi mọ̀ ọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Fákọ́ládé gbé ìdì kíjìpá lé e lórí, ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe kí ó má baà yẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ àná yẹn, ṣé ẹ yó?"

Àbíkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló kàn án.

"Mo yó, ọmọ ìyá mi. Mo yó bámúbámú."

Irọ́ kejì tí ó pa láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Èyí ni Fákọ́ládé gbà gbọ́.