Abẹ́rẹ́ Yan Ọ̀pá Wúwo

Ọ̀pá ìbọn méjì ló wà lórí tábìlì alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni alágbẹ̀dẹ náà fi fá a nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Abẹ́rẹ́. Èkejì ki pọ́pọ́, ó wúwo bí ọlọ.

Lọ́la ni ìdánwò ẹ̀ṣọ́ igbó. Wọn yóò gbé ìbọn gun òkè, wọn yóò yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra. Ẹni tí ọta mẹ́jọ rẹ̀ kò bá ba àmì, kó máa lọ sílé. Ọdún mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ ti ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà wá iṣẹ́ yìí.

"Èyí tó fúyẹ́ ni tìẹ," bàbá ní. "Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ẹ́, mi ò sọ ẹ́ ní Òòlù."

"Bàbá mi, ọta mélòó lẹ fi dán an wò?"

"Mẹ́ta. Wọ́n fara mọ́ra bí ìbejì!"

"Mẹ́ta tó ọdẹ, ẹran á ti ṣubú. Mẹ́wàá ni tèmi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tètè ń gbóná, tó bá sì ti gbóná, ìsọkúsọ ló máa ń sọ, ọta á máa ṣìnà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń nu epo kúrò lọ́wọ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó gbé e! Òkè á gbé e mì."

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Ojú bàbá rẹ̀wẹ̀sì, ó sì dun Abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èyí tó wúwo ló mú.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọkùnrin tó wá ṣèdánwò ló yà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Èjìká rẹ̀ ń ta á. Ó ń ki ìbọn náà wúyẹ́wúyẹ́: "Irin tí kì í gbọ̀n, ọmọ iná tí iná ò lè yí lọ́kàn padà, dúró tì mí. Olúwa, dúró tì wá."

Òun ló dé kẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń yìnbọn lọ́wọ́ mú ìbọn ọlọ́pàá tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀: ọta márùn-ún àkọ́kọ́ ba àmì, ìyókù ń gòkè lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó dúró kí èémí rẹ̀ rọlẹ̀, ó yìn ín. Nígbà tí mẹ́wàá pé, mẹ́jọ géérégé ló bà.

"Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn o," olùdánwò ní.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ fẹ́ gbà síṣẹ́ ni, sà, àbí ọwọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi."

Ó kọ ọ́. Bàbá, tó ti ń dúró nísàlẹ̀ òkè, na ọwọ́ láti gba ìbọn náà.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá mi," Abẹ́rẹ́ ní, ó sì kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, èjìká ń jó o bí iná.