Àgbọ̀nrín Tó Kí Mi ní Jàpáànù

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́. Lóru àná, ní òtẹ́ẹ̀lì wa níbí ní Jàpáànù, mo lá àlá pé mò ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, torí aago mẹ́sàn-án ni mo máa sọ̀rọ̀ ní àpérò. Ni ibùdókọ̀ bá di ọgbà. Àgbọ̀nrín kan tó hu irùngbọ̀n funfun tẹríba fún mi. Àgbàlagbà! Kí èmi ọmọ Yorùbá wá dúró ṣánṣán bí òpó? Mo tẹríba ju tiẹ̀ lọ. Ó tún tẹ tiẹ̀ sí i, ìwo rẹ̀ kan koríko. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun náà dọ̀bálẹ̀! Òdòdó igi ń rọ̀ lé wa lẹ́yìn bí òjò, ó lẹ́wà débi pé mi ò fẹ́ dìde mọ́. Ọkọ̀ sì ń kọjá lọ láàárín igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń kí?"

Délé tá a jọ wà ní yàrá ló jí mi. Orí ilẹ̀ ni mo wà, mo dojú bolẹ̀. A sáré múra, a jáde. Bàbá arúgbó tó ń ṣílẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì tẹríba fún wa. Délé di aṣọ mi mú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn! Ọkọ̀ wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àyà mi ti kanlẹ̀, bàbá náà sì tún tẹríba.

Ọkọ̀ tó kàn là ń dúró dè bí mo ṣe ń kọ èyí sí ọ. Délé kẹ̀yìn sí mi, ó ń wo aago.