Ẹ̀rí Ayọ̀ Télọ̀

"Bí wọ́n bá kó gbogbo iṣẹ́ ayé yìí kúrò lọ́wọ́ mi, ayọ̀ mi ò ní fi nǹkan kan dín."

Ohun tí Télọ̀ sọ nílé ìjọsìn nìyẹn lásìkò ẹ̀rí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó tún dìde, ó ní òun gbàgbé láti sọ pé inú òun dùn ju ti àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí ilé iṣẹ́ tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ládùúgbò ti kógbá sílé, aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ láti òkè òkun sì ti gba ọjà kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń bọ́ ilé Télọ̀: ẹ̀wù àwọn akọrin ìjọ, tó máa ń rán lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Pásítọ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá Télọ̀ níbi tó ti ń rọ epo sí máṣíìnì tí kò ríṣẹ́ ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá wa."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣé kí n wá wọn àwọn akọrin?"

"Rárá o. Nǹkan ò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. A ti ra ẹ̀wù tí wọ́n ti rán sílẹ̀."

Télọ̀ gbé ike epo kalẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà?"

"A rò ó dáadáa. Iṣẹ́ àga tí Káfíńtà ń kàn fún ìjọ la kọ́kọ́ fẹ́ dá dúró. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ò jẹ́rìí rí, ojú ẹ̀ sì máa ń le koko. Ẹ̀rù bà wá kó má lọ ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ẹ̀yin lọkàn yín balẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́, sà."

"Ẹ wò ó, ẹ̀ ń rẹ ara yín sílẹ̀ jù." Pásítọ̀ gbàdúrà fún un, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí Télọ̀ délé tó ròyìn fún ìyàwó ẹ̀, ìyàwó náà ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ náà ni kẹ́ ẹ ti lọ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Ìdí nìyẹn tí Télọ̀ fi tún gba máìkì ní Sọ́ńdè, kó lè sọ pé òun ò láyọ̀ mọ́. Ó la ẹnu. Ẹkún ló jáde.

"Omijé ayọ̀ nìyẹn," ni Káfíńtà wí láti ẹ̀yìn.

Ló bá di ijó. Àwọn akọrin kọrin nínú ẹ̀wù tuntun tí apá ẹ̀ bo ìka wọn mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ gba máìkì lọ́wọ́ Télọ̀, ó nà án sí ìyàwó, kó wá sọ bí ayọ̀ ńlá yìí ṣe wọlé wọn.

Obìnrin náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Kò tíì jẹun ni," ló wí.