Pupa Bíi Ti Bánkẹ́

Kì í ṣe pé Àlhájì Fàtáì wá kí Sàfúrátù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yàrá ló wá wọ̀n. Ó fi bàtà wọn ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé, pá, pá, pá, ó sì ń fi ọkàn to apẹ̀rẹ̀ obì jọ: èyí níbí, èyí lórí ìyẹn, èyí síbi tí obìnrin yìí jókòó sí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sàfúrátù, ó dúró, ó wò ó bí ẹni tó ń rò ó bóyá àga ni òun yóò kọ́kọ́ gbé síta ni, tàbí ẹni tó wà lórí ẹ̀.

Àbúrò Àlhájì ló fẹ́ Sàfúrátù. Látìgbà tí ọkọ náà ti kú, yàrá iwájú nínú ilé ẹbí wọn ní Ofin, èyí tó dojú kọ títì, ni obìnrin náà ń jókòó sí tó ń hun súwẹ́tà. Obì sì ti kún gbogbo yàrá yòókù. Ó kù díẹ̀ kó kún orí bẹ́ẹ̀dì Àlhájì fúnra rẹ̀.

"Ìyá Lateef," ni Àlhájì wí fún Sàfúrátù, "obì ló kọ́ ilé yìí. Kì í ṣe òwú."

"Òun ló kọ́ ọ lóòótọ́, Àlhájì. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé inú ẹ̀."

Àlhájì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ dáadáa, ó sì gbé ohùn sókè. Ó ní kí ọyẹ́ tó dé, bí oníbàárà kan tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe aládùúgbò, bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó gbé iṣẹ́ Sàfúrátù kọjá ẹnu ọ̀nà yìí jáde, òun kò ní dárúkọ yàrá náà mọ́ títí ayé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, obì wọlé. Sàfúrátù ní òun gbà. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

Ká sọ òtítọ́, ọwọ́ Sàfúrátù dán lórí abẹ́rẹ́. Ojú ẹ̀ nìkan ló ń bà á jẹ́. Kò sí àwọ̀ tó rí tí kò ní kó mọ́ra. Súwẹ́tà kan tó hun fún Sùmáyà, ọmọ ojúlé kejì, ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ aró, gbogbo wọn ń bá ara wọn jà. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, adìyẹ àdúgbò sá wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Rasheedat ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fà á lọ sí kíláàsì tí Adéyọ̀sọ́lá ń ṣe fún àwọn ahunṣọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Màkún. Ọmọdébìnrin ni Adéyọ̀sọ́lá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń pè é ní Tíṣà. Ó ní kí wọ́n to òwú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n dín ojú kù díẹ̀ wò ó, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń tàn àti èyí tó ń sinmi. Rasheedat dín ojú tirẹ̀ títí, ọkùnrin kan tó ń kọjá lójú fèrèsé rò pé òun ló ń ṣẹ́jú sí, ó sì dúró.

Tíṣà wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ta ló máa wọ̀ ọ́? Ṣé òtútù ni àbí ọ̀ṣọ́? Ta ló máa fọ̀ ọ́? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú òwú tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí oníbàárà sì fi ìka ara rẹ̀ kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orúkọ àwọ̀ gbọ́.

Ibẹ̀ ni Sàfúrátù ti dìde.

"Tíṣà, orí obì ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ní pupa lòun fẹ́, mo mọ pupa."

"Pupa wo, Mọ̀mí?"

"Pupa kan ṣoṣo ló wà ní Ṣàgámù."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Sàfúrátù tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó. Ó kọ́ gbogbo ohun yòókù tọkàntọkàn, ojú ẹ̀ sì là. Àmọ́ ti páálí yẹn, ó ní òun kò ní gé òwú tó dára fún páálí jẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyáàfin Fábíyìí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà Sàfúrátù, Bánkẹ́ ọmọ rẹ̀, tí òun náà ti di ìyá ọmọ, sì tẹ̀ lé e. Òun ló ni ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìlárá, ó sì fẹ́ súwẹ́tà fún gbogbo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí ọyẹ́. Sàfúrátù bi í ní àwọ̀.

"Pupa ni. Kẹ́ ẹ fi funfun díẹ̀ sí i lọ́rùn." Ó yí orí sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Pupa bíi ti Bánkẹ́ yìí gan-an."

Sàfúrátù gbójú sókè. Gèlè tó wà lórí Bánkẹ́ pọ́n yòò bí awẹ́ obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

"Mo ti rí i," ni ó wí.

Ó ra òwú pupa náà tán lọ́jà, ó hun ún tọ̀sán tòru. Rasheedat ní kí wọ́n gé fọ́nrán kan ránṣẹ́ sí Ìlárá. Sàfúrátù ní kó lọ dín ojú.

Ọyẹ́ dé. Àlhájì náà dé, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn alábàárù rẹ̀ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì, kí nǹkan má baà falẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ìyáàfin Fábíyìí àti Bánkẹ́ wọlé. Sàfúrátù tú súwẹ́tà sílẹ̀, pupa rẹ́rẹ́, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn. Wọ́n rẹwà dé ibi pé Àlhájì fúnra rẹ̀ na ọrùn wò wọ́n.

Ìyáàfin náà mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyá Lateef, ta ló ni àwọn wọ̀nyí?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Pupa ni mo wí."

Sàfúrátù wo súwẹ́tà, ó wo ìyáàfin náà. "Kí lẹ wá ń wò yìí?"

"Èyí tó pọ́n bí ojú ẹni tí ata ta sí? Mo ní pupa bíi ti Bánkẹ́." Ó fa ọmọ náà síwájú, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Pupa rúsúrúsú. Bí ògiri ilé ẹ̀kọ́ mi."

Gèlè aláwọ̀ aró ni Bánkẹ́ wé lọ́jọ́ yìí. Ojú Sàfúrátù là lẹ́ẹ̀kan náà: awọ ara ọmọ ni wọ́n ń wí níjọ́sí, gèlè orí ọmọ ni òun wò.

Àlhájì Fàtáì rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ obì. Ó ní kí àwọn alábàárù gbé ẹrù. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, òun ló ni yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tú u lẹ́nu. Ó nàka sí Bánkẹ́.

"Ta ló sì ń pe èyí ní pupa? Ọṣẹ nìyí. Ọmọ yìí kò pupa, wọ́n fọ̀ ọ́ ni."

Ìyáàfin Fábíyìí yí padà wẹ́rẹ́. Ó ní bàbá òun pupa, ìyá bàbá òun pupa, kò sí ọṣẹ kankan ní Ìlárá nígbà tí wọ́n bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó súwẹ́tà sínú báàgì. Ó ní òun yóò gbé gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, kí ọkùnrin yìí lè mọ̀ pé òun àti ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Sàfúrátù ti borí. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ló bá fọwọ́ lé báàgì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn sílẹ̀. Èmi ni mo ṣìṣe. Ìbínú yín sí Àlhájì kọ́ ló máa bá mi tajà."

Rasheedat, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, já a ní èékánná. Àlhájì ní ṣé gbogbo ayé gbọ́ ọ, obìnrin yìí fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n má gbé e. Alábàárù iwájú gbé ẹsẹ̀. Sàfúrátù wọ́ àga rẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà gan-an, ó jókòó, ilẹ̀kùn dí.

Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé díẹ̀ nínú gbogbo òwú tó dà bíi pupa ìyáàfin yìí, láti orí èyí tó jọ ògì dé orí èyí tó jọ ọsàn tó pọ́n, ó tò wọ́n sórí páálí. "Ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún mi mọ́. Ẹ fìka kàn án." Ìyáàfin náà kan ọ̀kan. Bánkẹ́ ní ìyẹn kọ́ ni ògiri àwọn. Ìyá ní ògiri ti ṣá ni, òun ń sọ ti kó tó ṣá. Wọ́n jà á dáadáa; àwọn tó ni pupa náà kò mọ èyí tí wọ́n ní. Apá Bánkẹ́ ni wọ́n padà gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

"Èyí ni màá hun," ni Sàfúrátù wí. "Èyí tí mo ti hun, èmi ni màá tú u."

"Ẹ má tú ọ̀kan," ni Bánkẹ́ wí. Ó mú súwẹ́tà pupa kan. "Ti ọmọ mi nìyí. Ó bá gèlè mi ìjọ́sí mu."

Sàfúrátù dìde, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bánkẹ́ gbé súwẹ́tà kọjá ẹnu ọ̀nà, ó gba iwájú Àlhájì lọ sójú títì.

"Ọ̀kan péré," ni Àlhájì wí.

"Iṣẹ́ mi lẹ ní kí wọ́n gbé jáde, Àlhájì. Ẹ ò sọ iye."

Alábàárù iwájú ní ọrùn ń dun òun. Ṣé kí òun wọlé ni, àbí kí òun máa lọ? Àlhájì ń wo súwẹ́tà tó ń lọ. Ó gbé ẹrù lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ wá mú gan-an, tí súwẹ́tà tuntun ti dé Ìlárá, Àlhájì yọjú sí yàrá náà, orí rẹ̀ lófo. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn. Ó ní fìlà kan wu òun. Sàfúrátù bi í ní àwọ̀.

"Pu..." ni Àlhájì bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Sàfúrátù gbé páálí. Tábìlì wà níbẹ̀, kò gbé e lé e. Ilẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Àlhájì. Ẹ fìka kàn án."