Ọkọ Aláwọ̀ Búlúù

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kọjá àfẹnusọ. Oòrùn a máa yọ tìbínú-tìbínú láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, irin ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ wa á ti gbóná débi pé aṣọ la fi ń dì í mú. Síbẹ̀, àkókò yẹn gan-an lèrò máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á gun ẹṣin onígi tó ń yí po, wọ́n á wọ ọkọ̀ tó ń dorí kodò lójú irin, lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa wá ibòòji kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

Èmi ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Inú àpótí onígíláàsì kan ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, fáànù inú rẹ̀ kò sì mọ̀ ju kó kó ooru láti apá ọ̀tún wá sápá òsì. Ohun tó ń tù mí nínú níbẹ̀ kò ju ọkọ̀ omi lọ. Wọ́n ya àwọn ọkọ̀ náà bí erinmi, wọ́n kùn wọ́n ní búlúù, wọ́n la ẹnu gbàyàù, eyín funfun ńlá-ńlá wà níwájú. Ṣéènì á fà wọ́n gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dúró lórí ṣóńṣó, wọ́n á sì já wálẹ̀ gbòòà sínú adágún omi. Ẹni tó ń wà á á jókòó sẹ́yìn, á di ìjánu mú, omi á máa ta sí i lára tọ̀sán-tọ̀sán, wọ́n tún ń sanwó fún un! Mo ti bẹ ọ̀gá wa pé kó jẹ́ kí n máa wa ọ̀kan, títí ẹnu fi fẹ́ bó mi.

Màmá mi ní tirẹ̀ ti fi gbèdéke lé nǹkan. Aránṣọ ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá parí tí mi ò rí ọkọ lọ́wọ́ rẹ, kó ẹrù rẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ń dúró dè ọ́." Màmá mi kì í sọ̀rọ̀ tán kó wá kó o jẹ. Èmi àti abẹ́rẹ́ sì rèé, a ò jọ rẹ́ láti kékeré. Bí wọ́n bá fi mí jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ti kú nìyẹn, ìsìnkú ló kù.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọ̀gá fi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ máa wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ omi. Mo fò! Mo dì mọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ní kí n fi òun sílẹ̀ nítorí ooru. Mo sáré tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi. Ta ló ráyè fi àmì ohùn sí i? Bó ṣe lọ nìyí:

"Mama, e ba mi yo! Won ti fun mi ni oko temi. Oko naa tobi, buluu ni, o tutu bi omi inu amu. Eniyan mejo lo n gbe leekan naa. E wa wo o."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ló wá sọ ọ́ fún mi. Kóòtù la ń pè é, torí pé oòrùn ni o, òjò ni o, kò sẹ́ni tó rí i rí láìsí kóòtù lọ́rùn. Òun ló kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Wọ́n fún un ní oko. Ọmọ wa ti di àgbẹ̀."

Màmá mi já fóònù gbà. "Oko bàbá ta ni? Oko ló ń gbé èèyàn mẹ́jọ? Ọkọ ni! Ọmọ mi ti rí ọkọ!"

"Ọkọ wo ló ń gbé èèyàn mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Alágbára ni."

"Búlúù ńkọ́?"

"Dúdú tó ń dán ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ba ayọ̀ mi jẹ́."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Màmá mi rán aṣọ àrán kan, ó bò ó láti ọrùn dé gìgísẹ̀, ó gbé apá gígùn sí i, ó fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀. Nínú ooru tí ajá ń fi ahọ́n gbálẹ̀, aṣọ àrán! Kóòtù náà lọ kóòtù rẹ̀, ó so táì mọ́ ọn, wọ́n sì gbéra.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Orí omi ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún. Màmá mi kọ ọ́ pé: "A ti de. Nibo ni oko wa?" Mo fi ọwọ́ tútù dá a lóhùn: "O wa leti omi. Buluu ni. Enu re la gbayau, e o ri eyin re."

Mo gbọ́ pé màmá mi yíjú sí Kóòtù, ó ní, "Ẹ gbọ́? Ó ti ń rẹ́rìn-ín dè wá. Ọmọlúàbí ni."

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ rèé. Yàtọ̀ sí àwọn ọkọ̀, erinmi mìíràn wà nínú ọgbà wa, ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kan ló máa ń wọ awọ rẹ̀, á máa bọ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ létí omi. Aṣọ onírun ni, búlúù, ó nípọn bíi tìmùtìmù. Òfin rẹ̀ ò pọ̀: ẹni tó bá wọ Erinmi kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí orí níwájú ọmọdé. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, orí ni kó mì.

Ṣéènì ti ń fà mí lọ sókè nígbà tí mo rí màmá mi nísàlẹ̀. Ó dúró níwájú Erinmi, ó ń wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ fún un. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tó wà nínú Erinmi ti rò fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Màmá mi ní, "O kú oòrùn o, o kú iṣẹ́. Ṣé ìwọ ni ọkọ?"

Erinmi mi orí.

"Ṣé wàá tọ́jú ọmọ mi?"

Erinmi tún mi orí.

"Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé kò ní pẹ́ dé?"

Erinmi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Àwọn ọmọdé hó yèè.

Màmá mi sọ fún Kóòtù pé, "Kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Kóòtù ní, "Ìdí rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀."

Ọkọ̀ wa já wálẹ̀, omi bò wá, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo fi padà dókè, orí Erinmi ti wọ́ sápá kan. Màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì tò ó padà, ó ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tún wọ́ sápá kejì. Ẹsẹ̀ Erinmi ń yẹ̀. Màmá mi ti ọwọ́ bọ ọrùn rẹ̀, ó fa ọwọ́ náà yọ, ó sì ké débi pé mo gbọ́ lókè níbi tí mo wà: "Ooru ń pa ọkọ ọmọ mi o!"

Ọkọ? Bí mo ṣe balẹ̀, mo fi ìjánu lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo sáré.

Wọ́n ti wọ́ Erinmi lọ sẹ́yìn ahéré tí à ń kó ọkọ̀ sí, nínú ibòòji, níbi tí ọmọdé kankan ò ti lè rí wọn. Màmá mi ti fa sípì ẹ̀yìn rẹ̀ já wálẹ̀, ó ń da ike omi sí i lọ́rùn, Kóòtù ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ni màmá mi bá ṣí orí kúrò. Orí tó wà lábẹ́ ẹ̀ pá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú.

Bàbá náà mu omi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

"Ọmọ ta ni?" Màmá mi ta sẹ́yìn. "Èmi ni ìyá ìyàwó yín!"

"Ìyàwó èwo? Ìyàwó mi wà nílé o, àwọn ọmọ-ọmọ wa ti ń gbéyàwó. Tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, orí tèmi gan-an ló máa ṣí."

Màmá mi yíjú sí mi. "Ẹni tó ju ìyá rẹ lọ yìí lo pè ní ọkọ?"

"Màmá, ọkọ wo?"

"Ọkọ tí wọ́n fún ọ! Búlúù! Ẹnu gbàyàù!"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo na ìka sí adágún. "Màmá, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀! Èyí tí mò ń wà!"

Kóòtù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Erinmi dara pọ̀ mọ́ ọn. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rọ, ìyẹn ló dùn mí jù, torí ayọ̀ ńlá ló fi wọ aṣọ àrán yẹn.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ. Lọ kó ẹrù rẹ."

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ òógùn ti ń ro tótó létí aṣọ rẹ̀, òun alára ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀sọ̀ la fi ń jẹ ọbẹ̀ tó gbóná. Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo di yìnyín sínú táwẹ̀lì, mo fi lé e lọ́rùn, mo ní kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Mo fi àkẹtẹ̀ mi dé e lórí. Kò wojú mi.

"Kó ẹrù rẹ, mo ní."

"Màmá, mo ti gbọ́, màá kó o. Àmọ́ ara yín gbóná. Ẹ wọ ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí ara yín lè tutù."

Bóyá ooru ló mú un gbà, mi ò mọ̀. Ó jókòó síwájú, Kóòtù jókòó tì í tòun ti táì, Bàbá Erinmi ń juwọ́ sí wa láti ibòòji. Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá. Nígbà tí a dé ṣóńṣó, tí gbogbo ọgbà tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ wa, màmá mi pariwo láìbojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ìwọ ló ń wà á lóòótọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìjánu dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Má fi í sílẹ̀ o!"

"Bí mi ò bá fi í sílẹ̀, ibí la máa sùn!"

Mo fi í sílẹ̀. Kóòtù ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín kèkè, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá ń já, mi ò lè pa á mọ́ra. Omi ga sókè, ó sì da lé wa lórí.

Nígbà tí omi lọ sílẹ̀, màmá mi jókòó gbagidi, àkẹtẹ̀ ti lọ, aṣọ àrán ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo ní mo gbé, mo ti pa màmá sẹ́kún. Ìgbà tó yíjú padà ni mo rí i pé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá, irú èyí tí mo ti gbàgbé pé ó ní.

"Tún un wà!" ó ní.

A tún un wà. A tún un wà sí i. Kóòtù bọ́ kóòtù! Ó gbé e kọ́ eyín ọkọ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí mo ń tú bẹ́líìtì màmá mi, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹrù náà ló fẹ́ tún sọ.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún gan-an nìyẹn, kó fún ọ ní nǹkan tó máa mú ọ rẹ́rìn-ín báyìí. Ó ti fún ọ, àmì ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ṣì kà: ọkọ̀ ni, mo pè é ní ọkọ. Dúró síbi iṣẹ́ rẹ."

Inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ò rí bẹ́líìtì tú mọ́. Màmá mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.