Aṣọ Onídígí Lórí Kọ̀ǹpútà Mahrukh

Mo mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà Mahrukh, mo dákẹ́, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru aṣọ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ rán.

Mahrukh ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní ìlú Multan, èmi sì ni ìyálé. Kó tó dé, èmi ni wọ́n máa ń pè bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jù nù ni mo tú palẹ̀ tí mo tún tò títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mahrukh gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì wọlé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Ọsirélíà ní kéwú lórí kọ̀ǹpútà, ìyá ọkọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, tó kọ́kọ́ kúrò lórí iná síwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jẹ èyí tó ti tutù. Ó ń jó mi nínú, mi ò sọ ọ́.

Ó tún bímọ. Èmi ò bí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tí ó bá ti ilẹ̀kùn láti kọ́ni, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ rẹ̀, Minahil, máa ń wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Èmi ni mo ń bó máńgòrò fún un, èmi ni mo ń di irun rẹ̀, orí itan mi ló ń sùn sí.

Nínú oṣù kẹfà, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Ẹ̀kọ́ á dé àárín, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á tún tan ara rẹ̀. Àwọn tó gba Mahrukh síṣẹ́ kìlọ̀ pé bí ẹ̀kọ́ mẹ́ta bá tún já, àwọn á kó àwọn ọmọ náà fún olùkọ́ mìíràn. Ó wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọkọ rẹ̀, Zohaib, ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà pé bí mo bá tò ó tán, skúrù mẹ́rin á ṣẹ́ kù.

Mo ní, "Èyí tó bá ṣẹ́ kù, màá fi de orí tìẹ, bóyá á dúró."

Aṣọ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìyá Mahrukh rán aṣọ bo gbogbo ohun tó kó wá sílé ọkọ, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìfọṣọ, kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa àti dígí wẹ́wẹ́. Ti kọ̀ǹpútà kì í kúrò. Bí Mahrukh bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ó kàn ń ká iwájú rẹ̀ sókè. Mo ṣí i, mo gbọn eruku, ó tún dákú. Mo yọ mẹ́mọ́rì rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yá àpótí tó ń pín iná lọ́wọ́ aládùúgbò. Pàbó ni. Ó wá ku pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ náà gan-an. Àlòkù ni, èmi ni mo sì bá wọn yàn án lọ́jà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ti àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí ẹ̀kọ́, mo yọ ọ́, mo fi sínú kọ̀ǹpútà tèmi tí kò dákú rí. Kí ọbẹ̀ dáàlì tí mo gbé kaná tó jinná, tèmi ti dákú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi pírósẹ́sọ̀ tèmi sínú tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kí n fi tèmi sílẹ̀ síbẹ̀ ló kù, mo lè wá òmíràn.

Ìyá ọkọ wa wọlé, ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò kí mi kú iṣẹ́. Ó ní Ọlọ́run ṣeun, ọkàn ọmọ òun Mahrukh á balẹ̀. Ọmọ òun. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó jáde, mo dá pírósẹ́sọ̀ méjèèjì padà sí àyè wọn.

Nídìí oúnjẹ, wọ́n bi mí léèrè ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà.

"Aṣọ yẹn ló sè é," ni mo wí. "Ooru Multan, ẹ wá wọ kóòtù fún ẹ̀rọ. Ó sinmi díẹ̀ lónìí torí mo ṣí i, àmọ́ ó ti jinná nínú."

Ìyá ọkọ wa kọjú sí Mahrukh. "Ṣe-ká-rí-mi ìyá rẹ ló ba nǹkan ilé mi jẹ́."

Mahrukh dìde, ó ṣí aṣọ kúrò lára fíríìjì, ó ṣí ti tẹlifíṣọ̀n, ó ká wọn, ó kó wọn wọ yàrá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta já. Wọ́n gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ wa ò sì yéé sọ ọ̀rọ̀ aṣọ. Kí máńgòrò tó tán lọ́jà, ẹ̀gbọ́n Mahrukh gbé mọ́tò wá láti Bahawalpur, ó kó òun, Zohaib àti ọmọ lọ. Kọ̀ǹpútà mìíràn wà lọ́hùn-ún tó ń lò, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Mo gbọ́ pé ó ti rí àwọn ọmọ mìíràn kọ́.

Kó tó wọ mọ́tò, Mahrukh dì mọ́ mi. Ó ní, "Ìyálé mi, mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú."

Mo ti fi pírósẹ́sọ̀ tèmi sínú kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀. Kì í dákú mọ́. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mahrukh ló ń tọ́jú Minahil lọ́sàn-án báyìí. Ọdún tó kọjá, wọ́n gbé fóònù sí ọmọ náà létí kó kí mi. Mo pè é lórúkọ. Mo gbọ́ tó ń bi ìyá rẹ̀ pé ta nìyẹn.